Ẹ yé ṣe báyìí sí aláboyún àti ìyá ọmọ tuntun

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá àti àbúrò tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ìyá tí inú ẹ̀ bà jẹ́, èyí tó ń dùn mí jù ni "ṣebí ó yẹ kó o máa dúpẹ́ ni, mélòó ló ń wá ọmọ tí wọn ò rí". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ rárá. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lóru tómi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ti ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti wá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ tinú ẹ̀ fún yín mọ́, á kàn máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá wọlé ni.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹkún ló máa lọ fúnra ẹ̀ o. Lóòótọ́ họ́mónù máa ń já wálẹ̀ lójijì téèyàn bá bímọ tán, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa ń sunkún láìnídìí, àmọ́ ìyẹn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí ò rí oorun sùn kódà tí ọmọ ti sùn, tí nǹkan kan ò wù ú mọ́, ẹ jẹ́ kó rí dọ́kítà, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì yìí tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látinú oyún. Tó bá wá ń gbóhùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tó ń sọ̀rọ̀ ikú tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń dàrú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má fòun nìkan sílẹ̀, àtòun àtọmọ.

Àwọn kan á wá kí ìyá ọmọ, wọ́n á gbọ́mọ dání wákàtí méjì, ìyá wá ń dúró fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Ẹ bá a fọ abọ́! Ẹ má bi í pé "kí ni kí n bá ẹ ṣe", ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sun wákàtí 4 tàbí 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá ọmọ pẹ̀lú lè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àmọ́ tiẹ̀ lè fara hàn bí ìbínú. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí dọ́kítà kọ fún obìnrin, ẹ má dá a dúró lójijì torí oyún, ẹ bi dọ́kítà ná.

Tí nọ́ọ̀sì bá sì ń bi aláboyún tàbí ìyá ọmọ bó ṣe ń ṣe é lọ́kàn, ẹ má bá a dáhùn pé "dáadáa ló wà". Ẹ jáde síta fún un.