Ẹ Má Fi "Ọlọ́run Má Jẹ́" Pa Á Lẹ́nu Mọ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Òṣogbo

Ìwé yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í ṣe ti irúgbìn. Ẹ mọ oko yín, a ò ní í kọ́ yín níṣẹ́ tí ẹ bá lọ́wọ́ àwọn bàbá yín. A kọ ọ́ nítorí pé láàárín àwa tí a jọ ń ṣèpàdé, tí a jọ ń ná Ọjà Ọba, a ti sin ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí a sì jókòó ro ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tí kò rántí ohun kan tí olóògbé náà sọ. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó. Ó sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sóko. Ó sọ ọ́ nípàdé alájẹṣẹ́kù pàápàá. Gbogbo wa la gbọ́, ohun kan náà ni gbogbo wa sì fi dá a lóhùn: "Ọlọ́run má jẹ́!" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àṣìṣe tí a torí ẹ̀ kọ ìwé yìí nìyẹn, a ó sì máa pa dà sórí ẹ̀ títí yóò fi wọ̀ yín létí. Bí èèyàn bá ní ayé sú òun, ẹ má fi àdúrà dí i lẹ́nu, ẹ má bá a wí, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Àdúrà dára. Ẹ gbà á nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí àwọn bá dárúkọ rẹ̀, àwọn á fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò káàkiri ayé: ìbéèrè kì í gbé èrò ikú wá bá ẹni tí kò ní in. Ẹni tó ní in ni ara máa ń tù, torí ó ti rí ẹni tí yóò bá a gbé e. Àwọn mìíràn á ní àìsàn òyìnbó ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn tó lé ní 720,000 ló ń pa ara wọn lọ́dọọdún, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn bíi tiwa ló sì ni nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ló gba ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n. Ẹ yé sọ pé kò kàn wá.

Ohun tí ẹ ó máa gbọ́, ohun tí ẹ ó máa rí

Èèyàn wa kì í sábà là á mọ́lẹ̀ pé "mo fẹ́ kú." Wọ́n á ní: "Ó ti rẹ̀ mí." "Láìpẹ́ ẹ ò ní í rí mi bá wí mọ́." "Ẹ bá mi mójú tó àwọn ọmọ o." "Èmi kúkú ni wàhálà ilé yìí, bí mi ò bá sí, ara á tù yín." Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹni tó bá ti gbà pé ẹrù lòun jẹ́ fáwọn èèyàn òun ti rìn jìnnà.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tí kì í fi oko rẹ̀ ṣeré wá jẹ́ kí koríko bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fa àdá tó fẹ́ràn jù lé ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó pín aṣọ, ó mú ìwé ilẹ̀ jáde nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Kò yọjú sí Jímọ̀ mọ́, tàbí kó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láìsí ìjà. Aago mẹ́ta òru, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Paraga tó máa ń mu níwọ̀nba ti di ti àràárọ̀. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá bá èèyàn gbé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ó ti kúrò ní àárẹ̀ lásán, ilé ìwòsàn ló kàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti mẹ́nu ba ikú, ẹ má ka ọjọ́ kankan. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ bi í.

Ẹni tó ti ń sunkún láti oṣù tó kọjá wá ṣàdédé fara balẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí gbogbo èèyàn kiri ilé: ẹ má tíì dúpẹ́. Nígbà mìíràn, ìpinnu tó ti ṣe ló mú ìrọ̀rùn yẹn wá.

Ẹni tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí ni kí ẹ fi sójú jù lọ. Ẹ ranjú mọ́ ẹni tí àìsàn tàbí ìrora ti bá fínra fún ọdún pípẹ́, opó tí wọ́n lé kúrò nílé, ọmọ tó fi owó ilé ta tẹ́tẹ́ tí kò sì lè wọlé mọ́. Ìyá ọlọ́mọ tuntun lè máa sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tó ti gba abẹ́rẹ́ oyún, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ti gbèsè ló ń dùn wá jù. Adìẹ kú, owó ẹ̀gẹ́ já wálẹ̀, owó sọ̀gúndogójì àti gbọ́mú-lé-lántà sì wà lọ́rùn. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ ń kó èrò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ ń pariwo orúkọ rẹ̀ kí àdúgbò lè gbọ́, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ tún ọjọ́ dá, ẹ dín iye tí yóò máa san kù. Kò sí owó ẹgbẹ́ kankan tí a ti ń gbà lọ́wọ́ òkú. Ẹ sì yé pa á lówe létí ẹni tí gbèsè ká mọ́ pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Bí ẹ ó ṣe béèrè

Kì í ṣe nípàdé, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ. Ẹ jọ rìn lọ sóko, tàbí kí ẹ jọ jókòó bó ẹ̀gúsí. Ẹ pa fóònù. Ẹ wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, tí ẹnikẹ́ni ò ní í fi pè yín.

Ọmọ ọdún 25 á ní báwo lòun ṣe fẹ́ bi bàbá òun nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kó dọ̀bálẹ̀ tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kó kúnlẹ̀ tó bá jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n kó béèrè: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo rí i pé ẹ ò jẹun, ẹ ò sì sùn. Lánàá ẹ ní kí n máa tọ́jú àwọn àbúrò mi. Ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín ni?" Kó wá dákẹ́. Bàbá lè bínú. Ó lè ní, "Irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn?" Kí ọmọ má sá dìde. Kó ní, "Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí yín ló ń bà mí ni, sà." Kó tún dákẹ́. Ẹ kà dé 60 nínú yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yẹn le, àmọ́ inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti sábà máa ń jáde.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ké. Ẹ bi í bóyá ó ti ro bí yóò ṣe ṣe é, bóyá ohun tí yóò lò wà nítòsí, bóyá ó ti dá ọjọ́. Bó bá ti ní ọ̀nà àti ọjọ́ lọ́kàn, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ìṣẹ́jú 5 kọ́, kí ẹ sì pe ẹlòmíràn tó fọkàn tán kí ẹ lè pé méjì. Bó bá ní kí ẹ bá òun búra pé ẹ ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má búra. Ẹ ní, "Mi ò ní í tú àṣírí yín láàárín ìlú, ṣùgbọ́n mi ò lè dá èyí gbé."

A ti gbọ́ àwọn tó ń sọ pé, "Ṣé ìwọ nìkan lo jẹ gbèsè ni?" tàbí "Wo lágbájá tí kò ní ẹsẹ̀, ṣé ó kú?" tàbí "Ọ̀run àpáàdì tààrà lò ń lọ." Ẹni tó ń rì sínú odò, ẹ ń fi òkúta lé e lórí. Ẹ ní: "Mo gbọ́ yín. Ó pẹ́ tó ti ń dà yín láàmú? Mo wà níbí." Ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀.

Oògùn oko

Ẹni bá ka ohun gbogbo nínú ìwé yìí tí kò ṣe èyí, kò tíì ṣe nǹkan. Oògùn koríko àti oògùn kòkòrò kò gbọdọ̀ wà nínú iyàrá, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nílé ìdáná. Ẹ ra àpótí onírin kan, ẹ fi páádì sí i, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ èèyàn méjì tó yàtọ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń ronú ikú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ náà lọ sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́, ẹ má sì kó o pa dà kí oṣù 3 tó pé. Ohun tí ẹ ó lò tán lákòókò kan ni kí ẹ máa rà. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa àwọn ìgò kéékèèké oògùn kòkòrò kan lọ́jà, síbẹ̀ a ṣì ń rí àwọn tó ń dà á sínú ìgò ohun mímu fún aládùúgbò. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé èrò àtikú máa ń ga sókè fún ìgbà kúkúrú, wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó rọlẹ̀. Bí kò bá rí ohun tí yóò lò láàárín àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń yè, tí kì í sì í wá ọ̀nà mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, ìjọba fòfin de àwọn oògùn oko tó le jù, iye àwọn tó ń pa ara wọn sì lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín 1995 sí 2015.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé e mu: ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fi ìka kì í lọ́fun kó lè bì. Ẹ wọ náílọ́nù sọ́wọ́, ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn náà ta sí. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú ìgò rẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti wà nílẹ̀, ẹ máa lọ, ẹ má dúró. Kódà bó bá ní ara òun ti le, ẹ gbé e lọ.

Ilé ìwòsàn, àti lẹ́yìn rẹ̀

Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé ọlọ́pàá á mú ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ẹ̀mí ló ṣáájú. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 fún ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín lè kọ̀wé gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti dè é mọ́lẹ̀, tí wọ́n á nà án, tí wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Àlùfáà tàbí pásítọ̀ tó bá ní òye á bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà, á sì máa gbàdúrà lọ. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ń jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé ìtòsí kí ó máa wá gba ìtọ́jú, torí náà ẹbí kì í ṣe òǹwòran níbẹ̀.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó hàn lára. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ọjọ́ 5 kọjá. Ìgbà tó léwu jù ni ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn délé, pàápàá ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ máa yà kí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta títí oṣù yóò fi parí, kí ẹ wá máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí di oṣù 3. Ẹ jọ lọ sóko, ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa sùn bo ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ tún ìbéèrè yẹn béèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì rò pé ó ti tán.

Bí ẹ̀mí bá sì ti lọ, ẹ má bi ìyàwó pé kí ló ṣe fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ kẹjọ àti lọ́jọ́ ogójì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe fún òkú yòókù. Ẹ pe orúkọ olóògbé. Ẹ bá wọn kórè èyí tó ti gbó lóko. Bí ẹgbẹ́ bá sì ní owó ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú, ẹ san án fún wọn láìdín kọ́bọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ má sì gbà lára rẹ̀ nítorí gbèsè tó kù sílẹ̀.