Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Àtàrí Tó Ń Ta Màmá Kan

Màmá kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 70 ọdún wá sọ́dọ̀ mi ní yàrá ìtọ́jú awọ ara. Wọ́n ní àtàrí ń ta àwọn bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa á, irun ibẹ̀ sì ti re tán. Oògùn làpálàpá ni wọ́n ti ń fi pa á látọjọ́ yìí.

Kí n tó fọwọ́ kan orí náà, mo béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, irú ìpara àti rílásà tí wọ́n ti lò, àti bóyá wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo tún béèrè bóyá ẹ̀bátí ń fọ́ wọn, bóyá ojú wọn ń ṣú, tàbí bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro wọ́n tí wọ́n bá ń jẹun, nítorí pé bí awọ orí bá ń dun àgbàlagbà, ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí ló wú, ìyẹn sì lè fọ́ni lójú kíákíá. Wọ́n ní rárá.

Mo fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá wo orí náà. Àárín rẹ̀ ń dán, ihò irun ibẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n létí ibi tó pá, irun díẹ̀ ṣì wà, àwọ̀ funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ìdí wọn ká. Pupa tí ìwé máa ń júwe kì í sábà hàn lára awọ dúdú, nítorí náà mo fi ìka tẹ etí ibi tó pá náà. Màmá ní, "Ibẹ̀ gan-an ni, dókítà." Mo wo inú kòtò etí wọn méjèèjì, níbi tí àpá lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tó lè ba awọ àti irun jẹ́, máa ń fara pamọ́ sí, kò sí nǹkan kan. Mo ha ìpẹ́ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọn kò rí kòkòrò làpálàpá.

Ó wá ku gígé. Etí ibi tó pá, níbi tí irun ṣì wà, ni mo ti gé ẹran méjì tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 4, nítorí pé àpá lásán ni ẹni tó bá gé àárín máa bá níbẹ̀. Awọ orí máa ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, nítorí náà mo ní sùúrù kí abẹ́rẹ́ ìdènà ìrora, tí adrenaline tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Èsì fi hàn pé CCCA (central centrifugal cicatricial alopecia) ni, àìsàn tó ń mú kí irun re, tí àpá sì ń dí ihò irun, tó wọ́pọ̀ jù lára obìnrin aláwọ̀ dúdú, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, tó sì ń gbòòrò lọ sí ẹ̀gbẹ́. A tètè máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru onídìrí, ṣùgbọ́n ní 2019 àwọn olùwádìí rí àbùkù nínú PADI3, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí à ń jogún lára òbí, lára àwọn kan tó ní i. Mo sọ fún Màmá pé irun àárín kò ní hù mọ́, pé irun tó kù létí ibi tó pá ni abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì àti oògùn doxycycline máa dáàbò bò. Mo sì ní kí wọ́n mú àwọn ọmọbìnrin wọn wá, kí n lè wo àtàrí tiwọn náà.