Bí mo ṣe gba fóònù lọ́wọ́ Google ní Àjàṣẹ́, tí WhatsApp àti MoMo ṣì ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ni fóònù ò gbọdọ̀ ṣaláìní lọ́wọ́ ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): WhatsApp, MoMo (owó orí fóònù ti MTN), àti kíbọ́ọ̀dù tó ní ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí n tó wo fóònù kankan. Òmìnira tí kò jẹ́ kéèyàn lè sanwó lọ́jà Ouando kò ní í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

PinePhone, fóònù tó ń lo ètò Linux dípò Android, ni mo kọ́kọ́ wò. Lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì kéékèèké wà tá a fi ń pa mọ́dẹ́ẹ̀mù, Wi-Fi, gbohùngbohùn àti kámẹ́rà. Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n WhatsApp kò ṣe áàpù fún irú Linux tó ń lò, bátìrì rẹ̀ kì í sì í tọ́jọ́. Mo mú Pixel 7 àlòkù, mo gbé GrapheneOS, ètò Android tí kò ní nǹkan Google nínú, sí i. Ó lè ya èèyàn lẹ́nu pé fóònù Google la ó rà ká tó bọ́ lọ́wọ́ Google. Ìdí ni pé Pixel gbà ká ṣí bootloader rẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ jí nígbà tá a bá tan fóònù), ká gbé ètò míì sí i, ká sì fi kọ́kọ́rọ́ ètò tuntun náà tì í padà. Ọ̀pọ̀ fóònù á gbà ká ṣí i, àmọ́ wọn ò ní gbà ká tì í padà, fóònù tá ò bá sì tì padà, ẹni tó bá gbé e lè kó nǹkan sínú ẹ̀.

Ibi rírà ni wàhálà pọ̀ sí. Kí n tó sanwó, mo so fóònù mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mo wọ “Paramètres”, “À propos du téléphone”, mo tẹ “Numéro de build” lẹ́ẹ̀méje. “Options pour les développeurs” jáde lábẹ́ “Système”, inú rẹ̀ ni “Déverrouillage OEM” wà. Bó bá ṣú tí kò gba títẹ̀, ẹ dá fóònù náà padà fún ẹni tó ń tà á. Àwọn Pixel tí Verizon, ilé iṣẹ́ fóònù kan, tà ní Amẹ́ríkà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Pé ó gba SIM wa kò sọ pé bootloader rẹ̀ ṣeé ṣí. Ẹni tó ń lo MTN àti Moov pọ̀ kó mọ̀ pé ojú SIM kan ṣoṣo ni Pixel 7 ní. eSIM, SIM inú fóònù tí a kì í fọwọ́ kì bọ̀ ọ́, ni ìkejì.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ni mo lò, torí bíná bá lọ láàárín, iṣẹ́ á dúró lójú ọ̀nà. Chromium, tá a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ṣí grapheneos.org/install/web, Firefox kò lè bá fóònù sọ̀rọ̀ láti orí okùn USB. Okùn tó kàn ń gba iná nìkan kò wúlò níbí: fóònù á máa gba iná, kọ̀ǹpútà ò sì ní rí i. Debian, irú Linux kan, ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo tún kó android-sdk-platform-tools-common sí i kó lè rí fóònù.

Mo tan “Déverrouillage OEM”, mo pa fóònù, mo di bọ́tìnnì ìtanná àti ti ìdínohùn mú pọ̀ títí ojú fastboot, ibi tí kọ̀ǹpútà ti lè gbé ètò sínú fóònù, fi jáde. Mo tẹ ìṣísílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo fi bọ́tìnnì ohùn yàn án lórí fóònù, mo fi ti ìtanná fọwọ́ sí i. Gbogbo ohun tó wà nínú fóònù á pa rẹ́. Ohun tó ń wọlé ju gígabáìtì kan lọ, nítorí náà ẹ ra dátà tó tó. Fóònù á kú, á tún jí fúnra rẹ̀ nígbà mélòó kan. Ẹ má fọwọ́ kan okùn. Títì í padà á tún pa gbogbo nǹkan rẹ́, torí náà ẹ má tíì kó nǹkan kan sí i. Ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń jáde ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án kì í ṣe àìsàn: ó ń sọ pé ètò míì ló wà níbẹ̀ ni.

MoMo kò béèrè nǹkan kan, *880# ti tó. Fún WhatsApp, mo kó àpò Android/media/com.whatsapp láti inú fóònù àtijọ́ wá kí n tó ṣí áàpù náà. Mo sì fi bátìrì rẹ̀ sí “Sans restriction”, torí láìsí Google Play lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa dúró lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé lásìkò. Ẹ yẹ nọ́ńbà wò pẹ̀lú: èyí tẹ́ ẹ tọ́jú ṣáájú ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024 lè má ní 01 tí wọ́n fi kún iwájú nọ́ńbà Benin.

Kíbọ́ọ̀dù ló gba ìrònú jù. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tá a bá tẹ̀ ló ń rí. Mo gbà á láti Aurora Store, tó ń gba áàpù Play láìlo àkáǹtì Google ẹni, mo mú èdè Yorùbá, mo wá gba àṣẹ “Réseau”, tó fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó tẹ lẹ́tà kan. Google Play fúnra rẹ̀ wà ní prófáìlì kejì (bí ẹni pé fóònù míì ni nínú fóònù kan náà), pẹ̀lú áàpù báńkì. Bí Gboard àti Play bá wà ní prófáìlì kan, Gboard lè gba ọ̀dọ̀ Play jáde.

Àwọn áàpù báńkì kan máa ń kọ̀ torí pé ètò inú fóònù kì í ṣe èyí tí Google fọwọ́ sí. Ẹ dán tiyín wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kẹ́ ẹ tó ta fóònù àtijọ́.