Gínípìgì yín ti dàgbà, kókó wá yọ sí i lára: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣe ọ́pẹ́rẹ́ṣọ̀n fún un

Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń múra Ojúde Ọba ni mo rí tiẹ̀. Mo gbé Àdùkẹ́, gínípìgì mi, lé ẹsẹ̀ kí n lè gbá ilé ẹ̀, ni ọwọ́ mi bá kan nǹkan líle kan lẹ́yìn ẹ̀ níbi tó sún mọ́ ìdí, ó tó èkùrọ́ kan. Ọmọ ọdún 5 ààbọ̀ ni nígbà yẹn, ọdún 5 sí 8 sì ni gínípìgì máa ń lò láyé, ìyá àgbà ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìpẹru ní, "Àbúrò, ó ti darúgbó, fi í sílẹ̀ kó sinmi." Mo mọ̀ pé ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n arúgbó tó ń jẹ koríko, tó ń ké wíì wíì kí n tó ṣílẹ̀kùn pàápàá, ọ̀tọ̀ ni ti arúgbó tó ti kọ oúnjẹ. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ wo gbogbo ara ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe ibi tí kókó wà nìkan. Ẹ má fún un o, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ tú u nílé. Ibi tó yọ sí máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nítòsí ìdí, ó sábà máa ń jẹ́ kókó tó hù láti gbòǹgbò irun, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè tóbi kó bẹ́, kó sì di egbò. Tó bá jẹ́ abẹ́ ọrùn, ó lè jẹ́ oówo, ọyún inú ẹ̀ á nípọn bíi wàràkàṣì, kì í dédé ṣàn jáde, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fẹ́ yọ ọ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀. Ọmú méjì péré ló ní, nísàlẹ̀ ikùn, tí kókó bá yọ níbẹ̀ ẹ má dúró rárá, akọ náà sì máa ń ní in, ẹ má rò pé ti abo nìkan ni. Abo tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ń wú tí irun ibẹ̀ sì ń re, ó lè jẹ́ àpò omi ló ń dàgbà nínú ẹ̀ níbi tí ẹyin wà. Èyí tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni tí kókó bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà sábẹ́ àgbọ̀n, abíyá àti ìtan, torí ìyẹn lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ọ̀bẹ tó máa yọ ìyẹn tán.

Lẹ́yìn náà ẹ wá sikélì ilé ìdáná, èmi ra tèmi lọ́jà Òkè-Ajé, ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gínípìgì máa ń fi àìsàn pamọ́, ìwọ̀n ẹ̀ á ti máa já wálẹ̀ kí ẹ tó rí i lójú. Ti Àdùkẹ́ dúró sí 930 gíráàmù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ẹnìkan fẹ́ ta ampiclox fún mi kí kókó náà lè rọ̀! Ampiclox, amoxicillin, gbogbo ẹbí penicillin tá a bá fún gínípìgì lẹ́nu, ó máa ń pa kòkòrò rere tó wà nínú ìfun ẹ̀, èyí tó burú á wá gbilẹ̀, ẹran náà lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tẹtirasáíkílìn náà léwu fún un.

Dókítà wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko tó wà nítòsí wa, ajá, ewúrẹ́ àti adìẹ ló mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣe ọ́pẹ́rẹ́ṣọ̀n fún gínípìgì rí? Ṣé ká fi ebi pa á mọ́jú?" Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ láti alẹ́, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Gínípìgì ò lè bì, tí ìfun ẹ̀ bá sì ṣófo pẹ́ ó máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìyẹn sì lè pa á lẹ́yìn ọ́pẹ́rẹ́ṣọ̀n. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà n'Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jáde kí oòrùn tó mú, ooru inú ọkọ̀ lè pa á kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí koríko sì wà nínú agbọ̀n ẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ ti ọmú, kí wọ́n ya x-ray àyà ẹ̀, bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò ní tàn yín, oògùn oorun tí wọ́n máa ń fún wọn kí wọ́n tó ṣe ọ́pẹ́rẹ́ṣọ̀n léwu fún wọn: nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní UK, tó jáde ní 2008, bíi 4 nínú 100 gínípìgì ló kú, nígbà tí ti ajá ò tó 1 nínú 500. Àwọn tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ wà nínú wọn o, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè tó wá le jù, dókítà ló bi mí: "Màmá, ta ló máa fún un lóúnjẹ ní aago 2 òru?" Torí tí kò bá jẹun fúnra ẹ̀, ẹ máa po fíìdì ẹ̀ mọ́ omi kó rọ̀, ẹ máa fi sìrìńjì tí ò ní abẹ́rẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́yìn wákàtí 2 sí 3, tọ̀sán tòru. Ẹ máa lo oògùn ìrora tí dókítà bá kọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí òtútù má mú un, kẹ́ ẹ sì máa fún un ní tàtàṣé tàbí gúáfà, torí ara wọn ò lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀. Àlejò kún ilé wa nítorí Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé mi ò ní lè ṣe gbogbo ìyẹn, a sún un síwájú ọ̀sẹ̀ méjì. Tí kò bá sẹ́ni tó lè jí lóru nílé yín, lójú tèmi, ẹ má ṣe é.

Kókó kékeré tó wà létí awọ, tí ara ẹran náà sì dúró dáadáa, èmi á ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ kó tó tóbi. Ti ọmú, kíákíá, tí àyà bá mọ́. Àmọ́ tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ti ń já wálẹ̀, tàbí tí kókó ti pọ̀ káàkiri, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Akọ wa, Àlàó, ọmọ ọdún 7, bẹ́ẹ̀ ni tiẹ̀ rí. Oògùn ìrora nìkan la ń fún un, ọ̀sẹ̀ 7 ló fi jẹ koríko tó wù ú, ọjọ́ tó yíjú kúrò lára tàtàṣé ni mo gbé e lọ bá dókítà kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ọwọ́ mi ló wà lẹ́yìn ẹ̀ títí tó fi tán.

Àdùkẹ́ jẹ koríko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe tiẹ̀. Ó já sí 890 lọ́jọ́ kẹta, mo sunkún, mo ń fi sìrìńjì fún un lóúnjẹ. Láàárọ̀ yìí, 925 ni.