Kí ẹ tó fòyà nítorí nọ́ńbà ṣúgà tó ga, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí l'Ákùúrẹ́, ẹ kú ìmójútó ara. Ìgbà mángòrò rèé, ó ti kún Ọjà Ọba. Bí èèyàn bá bó mángòrò, tó wá gún ìka láìfọwọ́ láti fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, oje tó lẹ̀ mọ́ ìka á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde á sì fò sókè. Sánítáísà kì í mú oje náà kúrò dáadáa. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò, kí ẹ nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí oje èso gún insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀.

Tí ṣúgà bá ga láàárọ̀ láìjẹun lóru, ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ibà, àìsùn àti ìrònú náà ń gbé e sókè.

Èyí tó ká mi lára jù ni kí ṣúgà já wálẹ̀ jù. Ẹni tó ń gún insulin, tó wá roko lọ́sàn-án, ó lè já wálẹ̀ fún un lóru. Bí òógùn bá bò yín, tí ara ń gbọ̀n, tí nọ́ńbà ṣúgà sì wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ po kóró ṣúgà onígun (cube) mẹ́rin mọ́ omi mu, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kíá.