Bí ẹ ṣe lè fi fóònù yín tọ́jú àkọsílẹ̀ BP yín

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kubwa, ní Àbújá. Bí mo bá bi aláìsàn pé kí ni BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) rẹ̀ jẹ́ lóṣù tó kọjá, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni, "Ó wà nínú fáìlì mi." Fáìlì wà ní Gwagwalada, aláìsàn jókòó síwájú mi ní Kubwa, dókítà tó fẹ́ kọ oògùn kò sì rí nǹkan kan dì mú.

Ohun tí Dókítà Eric Topol, oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti ń pariwo lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Scripps ní California ní 2007, ó kọ ìwé lé ìwé, ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́: ẹni tó lara ló ni àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, fóònù sì lè gbé e dé ọwọ́ rẹ̀, kí ìtọ́jú lè bá òun gan-an mu. Ó ti fi ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ fóònù yẹ ọkàn èrò kan tí àyà ń dùn wò nínú bàálù rí, wọ́n sì gbé bàálù balẹ̀ kíá. Àwa ní Àbújá kò nílò irú ẹ̀rọ yẹn ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ BP àti fóònù tó ń ya fọ́tò ti tó.

Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá ni kí ẹ rà, ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn àyíká apá yín. Èyí tó wà nínú páálí sábà máa ń gba apá 22 sí 32 sẹ̀ntímítà. Bí apá bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè èyí tó tóbi, torí èyí tó há á máa gbé nọ́ńbà sókè lásán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni wíwọ̀n ọ́n. Màmá kan tó ń ta ẹ̀wà wọlé sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án, pọ́ọ̀sì lórí itan, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ: 168/102, ìyẹn nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀ ná." Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, mo bọ́ apá bùbá wọn, mo gbé apá lé tábìlì kó dọ́gba pẹ̀lú àyà. Ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. 144/90. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà máa kọ fún 168 lè yàtọ̀ pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe nílé fún ọjọ́ méje: láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà, fóònù á ti fi ọjọ́ àti aago sí i fúnra rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ti ara yín lórí WhatsApp, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, kí ẹ ro nọ́ńbà òkè tó kù pọ̀, ẹ ro ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 135/85 sókè, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Bí ẹ̀rọ bá kọ 180/120 nígbàkígbà, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rí dókítà. Bí àyà bá ń dùn, tí èémí ń há, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ara kò gbọ́ràn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé, iye yòówù kí ẹ̀rọ kọ.

Ẹ ya fọ́tò páálí oògùn náà, níbi tí orúkọ àti mílígíráàmù wà. "Oògùn funfun kékeré" kò yé ẹnikẹ́ni. Gwagwalada, ní Àbújá wa níbí, ni Dókítà Dike Ojji ti ṣáájú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n fi wo adúláwọ̀ 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: oògùn BP méjì-méjì tí èyí tó ń jẹ́ amlodipine wà nínú wọn ló dín BP kù ju oògùn BP méjì mìíràn, perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide, lọ. Inú mi dùn sí i gan-an, torí ara tiwa ni wọ́n wò. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ yín ló máa fi han dókítà bí tiyín ṣe rí. Ẹ má fúnra yín pààrọ̀ oògùn.

Ohun tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó máa ń kọ nọ́ńbà tó dára ju bó ṣe yẹ lọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà mìíràn. Bí èémí bá ń nira tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí nǹkan, èémí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní ti èsì láàbù, ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba gbé jáde ní 2018 fún yín láyè láti rí àkọsílẹ̀ yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, kí ẹ yà á ní fọ́tò kí wọ́n tó dá fáìlì padà. Ẹ fi jínọ́táìpù àti oògùn tí ara yín kì í gbà kún un. Kí ẹ wá fi ibi tó wà nínú fóònù han ẹnì kan nínú ilé, kí onítọ̀hún sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù náà.