Hurricane ike tí mo tò, látorí gígé dórí ọ̀dà ìkẹyìn

Àná ni mo so wáyà àńtẹ́nà mọ́ ìrù Hurricane mi, mọ́dẹ́ẹ̀lì ike bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, òun ló gbẹ̀yìn, iṣẹ́ parí nìyẹn. Oṣù méjì gbáko ló gbà mí, alaalẹ́ ni mo sì máa ń jókòó tì í. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ronú àtibẹ̀rẹ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì bàálù ogun, torí nígbà témi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dà nìkan ni gbogbo èèyàn ń bá mi sọ, irú ọ̀dà tó dáa, irú airbrush (ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) tó dáa, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tó máa ba ọ̀dà jẹ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀ tán kí ọ̀dà tó débẹ̀ rárá.

Kí ló dé tó jẹ́ Hurricane? Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì míì, ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí Jámánì ń fi bàálù kọ lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940, Hurricane ló já bàálù ọ̀tá lulẹ̀ jù lọ, iye tí Spitfire já ò tó tiẹ̀. Sydney Camm ló ya àwòrán ẹ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1935 ló kọ́kọ́ fò. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ayé àtijọ́ àti ayé tuntun pàdé lára ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Merlin ti Rolls-Royce wà níwájú, alágbára ni, àmọ́ láti ẹ̀yìn páílọ́ọ̀tì lọ dé ìrù, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, aṣọ tí wọ́n nà sórí egungun irin àti igi, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wo mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó ga díẹ̀ lára ẹ̀yìn ẹ̀, bí egungun ìhà. Ẹ fi ìlà yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Tèmi jẹ́ Mk IIc, èyí tó ní ìbọn ńlá 20 mm mẹ́rin lápá, tí mo sì fẹ́ ṣe bí àwọn tó bá Japan jà ní Burma (Myanmar báyìí). Ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 1/48, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní mítà méjìdínláàádọ́ta lójú ayé, mítà kan péré ló máa jẹ́ lórí tábìlì. Apá Hurricane gidi fẹ̀ tó mítà 12.19 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tèmi wá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 25. Ẹlòmíì fẹ́ràn 1/72 torí kì í gbàyè, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ojú mi fẹ́ràn 1/48 jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ gbogbo ike náà pẹ̀lú férémù tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀ so mọ́, mo sì jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Òróró máa ń wà lára ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dà á, ọ̀dà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ òróró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀yà kan kúrò lára férémù, ẹ má gé e sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ gé e síbi tó jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ mímú fá èyí tó kù, torí tẹ́ ẹ bá gé e mọ́ ọn gbàǹgbà, ike á ya wọnú ẹ̀yà yẹn.

Cockpit, ibi tí páílọ́ọ̀tì ń jókòó sí, ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, torí tí ara bàálù bá ti pa dé, ọwọ́ ò lè débẹ̀ mọ́. Mo kun ògiri inú ẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó pò mọ́ eérú, mo kun àwọn irin róbótó tó dábùú inú ẹ̀ ní àwọ̀ fàdákà, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀dà lára mọ́ nu etí gbogbo nǹkan kó lè máa dán fírí bí irin tí bàtà ti ha. Bẹ́líìtì àga ni mo pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Téèpù tí mo là tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe é, tí mo kùn bí aṣọ kákí, òun sì lojú kọ́kọ́ máa ń rí téèyàn bá yọjú wo inú lónìí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Ara bàálù máa ń wá ní ìlàjì méjì, ọ̀tún àti òsì, tẹ́ ẹ bá lẹ̀ wọ́n pọ̀, ojú ìsopọ̀ kan á wà lẹ́yìn lókè àti níkùn nísàlẹ̀. Bàálù gidi ò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Gúlúù olómi ni mo lò, èyí tó ń yọ́ ike, ẹ kàn fi búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kan ojú ìsopọ̀, òun fúnra ẹ̀ á ṣàn gba inú ẹ̀ lọ, ẹ wá fún un pọ̀ díẹ̀ kí ike tó ti yọ́ yọ síta bí ìlà tóóró. Ìlà yẹn dáa, ẹ má nù ún, òun ló máa di ojú ìsopọ̀ pa. Ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni pé ọjọ́ kejì ni mo ti mú sáńpépà. Ike tó ti yọ́ ò tíì le nínú, lójú nìkan ló gbẹ. Mo fi sáńpépà 400 (bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ga sí ló ṣe ń kúnná sí) ha á títí ó fi tẹ́jú, ó dán, inú mi dùn, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ló ti rì sínú, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ láti ẹ̀yìn orí páílọ́ọ̀tì dé ìrù. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọwọ́ líle tí mo fi ha á ti pa àwọn ìlà aṣọ tó wà nítòsí ẹ̀ rẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ wá tẹ́jú bí ike lásán, kò jọ aṣọ tí wọ́n nà sórí egungun mọ́.

Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí. Mo fi pọ́tì, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò, dí kòtò yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi téèpù bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí pọ́tì má bàa tàn kálẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo ká sáńpépà 600 mọ́ igi kékeré kan, mo ń ha á lójú ìsopọ̀ nìkan, mo tún wá fi 1000 tí mo rẹ sómi parí ẹ̀. Àwọn ìlà tó parẹ́ ńkọ́? Mo na ike férémù lórí iná àbẹ́là. Tó bá ti rọ̀, ẹ fà á jẹ́jẹ́, á di bí òwú, òwú ike yẹn ni mo wá fi gúlúù lẹ̀ síbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀, mo fi sáńpépà ra á títí tó fi lọọ́lẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣèyẹn. Mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé téèyàn ò bá sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo wá fọ́n primer eérú, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí gbogbo ara ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo primer, kì í ṣe torí kí ọ̀dà lè lẹ̀ nìkan o. Ike tí ò tíì lọ́dà lára máa ń fi àléébù pamọ́, primer máa ń tú u síta, gbogbo ibi tí sáńpépà ti ha ló máa hàn kedere. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà sórí sáńpépà lẹ́yìn tí mo fọ́n ọn.

Ní ti ọ̀dà fúnra ẹ̀, airbrush tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ jẹ́ 0.3 mm ni mo lò, agbára afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bíi 15 psi, mo po ọ̀dà pọ̀ mọ́ omi ẹ̀ títí tó fi ń ṣàn bíi mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Tó bá ki jù, á máa ta hóró hóró, tó bá ṣàn jù, á máa sá kiri lórí ike. Ẹ lo ìbòmú gidi, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé, torí ìkùukùu ọ̀dà yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Funfun ni mo kọ́kọ́ fọ́n, torí láti 1945 àwọn bàálù Gẹ̀ẹ́sì ní Burma máa ń ní ìlà funfun lápá àti nírù kí àwọn ará tiwọn lè dá wọn mọ̀, funfun kì í sì í bo àwọ̀ dúdú dáadáa, ẹ tètè ṣe é kẹ́ ẹ wá fi téèpù bò ó. Lẹ́yìn ẹ̀ ni eérú tó wà nísàlẹ̀, kó tó kan àwọ̀ ilẹ̀, kó tó kan àwọ̀ ewé. Kí ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé ti pàdé má bàa mú ṣáṣá bí ẹni fi rúlà fà á, mo yí Blu Tack (ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri) bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, mo tò ó lé ojú ìlà kamúfíláàjì, mo wá ń fọ́n ọ̀dà láti òkè tààrà. Ojú ìpàdé ẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣí téèpù kúrò lórí ìlà funfun apá òsì, ọ̀dà bá a jáde títí dé ike, ó fẹ̀ tó èékánná. Ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń wà tí mo bá di bàálù mú nígbà tí mo ń ha ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Òógùn ọwọ́ ló wà níbẹ̀, mi ò sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí n tó fọ́n primer. Mo ha etí ẹ̀ kó tẹ́, mo tún un kùn láti primer. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

Decal, àwọn àmì tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù, ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ, ohun kan ṣoṣo ni: ẹ fi ọ̀dà dídán tó mọ́ gaara bo gbogbo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà tí kò dán rí hóró hóró lójú, afẹ́fẹ́ máa ń há sábẹ́ decal, á wá máa tàn bíi fàdákà. Àmì òbíríkítí tó wà lára àwọn bàálù yìí ò ní pupa láàárín bíi tàwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, búlúù méjì ni, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́lẹ̀, torí òbíríkítí pupa ni àmì àwọn Japan, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ojú rí níbi tí ìṣẹ́jú àáyá kan ti lè pa èèyàn. Nígbà tí mo fi ẹmú kékeré gbé e sórí ìlà aṣọ tí mo fọwọ́ mi ṣe, tí mo fi omi tó ń rọ decal kàn án, tó sì rọra lẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ìlà náà, mo jókòó mo kàn ń wò ó ni.

Mo fi ọ̀dà olóróró dúdú tí mo jẹ́ kó ṣàn dáadáa fọ àwọn ojú ìlà irin, mo fọ́n èéfín fẹ́lẹ́ láti ẹnu ihò ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, mo sì fi ọ̀dà tí kì í dán parí ẹ̀. Ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fi sẹ́yìn torí wọ́n máa ń tètè kán. 20 mm nígbà tẹ́ ẹ bá pín in sí 48 jẹ́ 0.4 mm, abẹ́rẹ́ tó tóbi tó yẹn ni mo sì fi lu ẹnu wọn. Gíláàsì orí páílọ́ọ̀tì ní férémù púpọ̀, odidi alẹ́ kan ni mo fi gé téèpù fún un, gúlúù funfun tí wọ́n fi ń lẹ pákó ni mo sì fi mú un, torí èéfín super glue máa ń mú gíláàsì ike rú bí ojú tí kurukuru bò.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àná tí mo na òwú ike tó kẹ́yìn, mo so ó láti òpó ẹ̀yìn orí páílọ́ọ̀tì mọ́ ìrù, mo sì pa iná.